Orí Ẹ́ńjìnnì Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Ilẹ̀ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Ṣómólú. Lórí omi ni wọ́n bí mi sí, nílẹ̀ Ìlàjẹ, níbi tí ilé wa ti dúró lórí òpó igi, tí a ti ń wa ọkọ̀ lọ kí aládùúgbò. Bí mo bá dùbúlẹ̀ nílé, mo máa ń gbọ́ omi lábẹ́ ẹní mi bí ẹni ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ sùn ní yàrá ọkọ mi, mo fi etí lélẹ̀ títí, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ilẹ̀ náà le, ó dákẹ́, kò mì. Ó ṣe mí bí ẹni pé wọ́n ti sin mí, wọ́n sì ti lọ.

Lẹ́yìn ilẹ̀, ẹnu ara mi ló tún dẹ́rù bà mí. Lọ́dọ̀ tiwa, ìwọ là ń pe ènìyàn kan ṣoṣo, ì báà jẹ́ arúgbó kùjọ́kùjọ́. Kò sí àrífín kankan níbẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, mo bá Màmá Rísì, ìyá onílé wa, lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ó dàgbà, ó sì tóbi. Mo kúnlẹ̀ dáadáa, mo ní, "Ṣé o jí ire?"

Ó yí ojú sí mi díẹ̀díẹ̀. "Ta lo ń bá sọ pé ṣé o jí ire?"

N kò mọ ohun tí mo ṣe. Mo tún un sọ, mo rò pé kò gbọ́ ni.

"Ẹ wá wo ìyàwó dẹ́rẹ́bà o!" Ó ń pe àwọn ará ilé yòókù. "Wọ́n ní ó ti òkun wá. Ṣé ẹja ló kọ́ ọ ní ìkíni ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pa ẹnu mi mọ́. Bí mo bá fẹ́ pọn omi, màá pọn ọ́n láìsọ̀rọ̀. Bí mo bá fẹ́ ra iyọ̀, màá nawọ́ sí i. Ènìyàn lè wà láàrin ọ̀pọ̀ èrò kí ó sì gbàgbé bí ohùn ara rẹ̀ ṣe ń dún. Mo mọ̀ nítorí pé ó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Élíjà ni orúkọ ọkọ mi. Ó ti fi ilé sílẹ̀ nígbà ọ̀dọ́ nítorí pé àwọ̀n sú u, ó wá sí Èkó, ó kọ́ mọ́tò wíwà àti títún un ṣe. Ó wá sílé ní Kérésìmesì kan, àwọn ẹbí wa sì ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ kí ó tó dé. Kí a tó gbé mi fún un, ọ̀rọ̀ tí àwa méjèèjì bá ara wa sọ kò tó èyí tí ènìyàn fi ń ná ẹja. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Kò bú mi rí, kò nà mí rí. Ó ń wa tákísí, á jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, á padà dé pẹ̀lú àárẹ̀, á jẹun, á sùn. Bí mo bá bi í pé báwo ni iṣẹ́, á ní, "A dúpẹ́." Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Ọjọ́ Ìsinmi ni mo máa ń rí ìtura díẹ̀. Bí a bá ti ṣe ìsìn tán, màá fẹsẹ̀ rìn lọ sí etí ọ̀sà ní Bàrígà, níbi tí àwọn obìnrin wa ti ń kó ẹja wá. Níbẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ èdè mi, tí mo ti ń rí púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ilé wa, jẹ. Àwọn ni mo ń rán sí ìyá mi. Màá ní, "Ẹ sọ fún un pé ara mi le." Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èsì á dé: "Ìyá rẹ ní kí o máa jẹun. Ó ní òrùlé ti ń jò. Ó bèèrè bóyá o ti lóyún." Ẹnu ẹlòmíràn ni ohùn ìyá mi ń gbà dé ọ̀dọ̀ mi. Mo máa ń gbìyànjú láti yọ ohùn ẹni tó ń sọ ọ́ kúrò kí ó lè ku tìyá mi nìkan. Kì í ṣeé ṣe.

Nígbà tó yá, mo rán wọn ní ọ̀rọ̀ mìíràn. Mo ní, "Bí ọkọ̀ yín bá ń padà sílé lẹ́yìn òjò, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún mi." Wọ́n wojú mi, wọn ò bi mí ní ìdí rẹ̀. N kò sọ fún Élíjà.

Láàrin ìgbà náà ni mọ́tò dákú. Ọ̀sán gangan ni wọ́n fi okùn fà á wọ àgbàlá wa, tí èéfín omi gbígbóná ń rú láti iwájú rẹ̀. Élíjà ṣí i, ó fa irin tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì yọ, ó sì fi hàn mí láìjẹ́ pé mo bèèrè. Ọ́ìlì náà ti funfun bí ògì.

"Omi ti wọ inú ọ́ìlì," ó ní. "Gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó."

Ohun pẹlẹbẹ kan ni gásíkẹ́ẹ̀tì. Ó máa ń wà láàrin orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀, kí omi, ọ́ìlì àti iná má bàa pàdé ara wọn. Nítorí nǹkan tí kò nípọn ju èèpo àlùbọ́sà lọ, odindi mọ́tò ti dúró sí abẹ́ igi fúrúùtù wa bí òkú ẹran. Ó tú u palẹ̀. Bí ó ti ń yọ irin kọ̀ọ̀kan ni ó ń tò ó sórí ẹní mi. Ó gbé orí ẹ́ńjìnnì náà lọ sí Onípanù kí wọ́n bá a fá ojú rẹ̀ kí ó tẹ́jú, ó gbé e padà, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nítorí olè. Ó fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun kọ́ ìṣó lára ògiri. "Lọ́la ni màá tò ó," ó ní.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó lọ ra ọ́ìlì. Bí ó ti ń sọdá títì Ìkòròdú ni ọkọ̀ akẹ́rù kan gbá a. Itan rẹ̀ ṣẹ́.

Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń to egungun kò jìnnà sí wa, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn débẹ̀ lọ́sàn-án, nígbà tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn fún àwọn àlejò. Wọ́n fi okùn gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ sókè, wọ́n so ẹrù mọ́ ìdí okùn náà. Wọ́n ní yóò pẹ́ bẹ́ẹ̀. Màá gbé oúnjẹ kalẹ̀, màá jókòó. Òun á wo àjà, èmi á wo okùn. Àwọn àlejò àwọn aláìsàn yòókù ń tàkurọ̀sọ, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń jà pàápàá. Àwa méjèèjì ò ní nǹkan kan tí a fẹ́ sọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n jọ ra mọ́tò náà wá láti Ẹ̀bútè Mẹ́ta. Ó dúró ní àgbàlá wa, ó fi ìka ẹsẹ̀ ta táyà. "Mọ́tò tí wọ́n ti tú kò yàtọ̀ sí èyí tó ti kú," ó ní. "Bí oṣù yìí bá parí tí ó wà báyìí, màá mú àwọn tó ń ra irin àlòkù wá."

Mo ní mo gbọ́. Kí n sòótọ́, ọkàn mi fúyẹ́ díẹ̀. Bí mọ́tò bá lọ, Élíjà kò ní iṣẹ́ kankan tí yóò dìde sí ní Èkó mọ́. Kò sí ẹni tó máa bi mí pé kí ló dé tí mo fẹ́ padà sílé.

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún Élíjà nílé ìwòsàn, kò bínú.

"Ṣé òjò ò wọ inú ẹ́ńjìnnì?"

"Mo ti fi tapólì bò ó."

"O ṣé." Ó wo àjà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Èkó, n kò ní ẹnì kan. Wọ́n ń fi ẹnu mi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo bá jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ sísọ. Mọ́tò nìkan ni mo ń bá sọ̀rọ̀, bí mo bá dá wà nínú rẹ̀. Títí di báyìí, bí mo bá délé, n kì í mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀."

Mo wò ó. Mo ti rò pé èmi nìkan ni mo ń dá gbé nínú yàrá wa. Àṣé àwa méjèèjì ni, olúkúlùkù lórí apá bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, orí ẹ́ńjìnnì lábẹ́ wa.

"Sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń tò ó," mo ní.

"Ta ni kí n sọ fún?"

"Èmi. Ta ló tún wà níbẹ̀?"

Ó wojú mi bóyá mo ń ṣe àwàdà. Lẹ́yìn náà ó ní kí n gbé ọsàn tí mo mú wá fún un. Ó mu ún, ó tu kóró rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì tò wọ́n sórí aṣọ ìbora ní ìlà méjì. "Àwọn nọ́ọ̀tì tó di orí mọ́ ara nìyí. Èyí tó wà láàrin ni kí o kọ́kọ́ fún. Lẹ́yìn náà, kí o máa lọ sí ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Má fún un pa lẹ́ẹ̀kan náà. Fún gbogbo wọn díẹ̀, kí o padà wá."

"Bí mo bá fún un jù ńkọ́?"

"Á já. Bí kò bá sì tó, omi á tún wọlé."

"Báwo ni màá ṣe mọ̀ pé ó tó?"

Ó ronú. "Ṣé o rántí bí a ṣe ń so ọkọ̀ mọ́ òpó bí ìjì bá fẹ́ dé? Bí okùn náà ṣe máa ń dáhùn sí ọwọ́ ẹni?"

"Mo rántí."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni."

Nọ́ọ̀sì dé, ó gbá gbogbo kóró ọsàn náà dànù. Ṣùgbọ́n mo ti mú un sórí.

Báyìí ni a bẹ̀rẹ̀. Lọ́sàn-án, á sọ ìwọ̀nba ohun tí mo lè ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní ọjọ́ kejì, màá ròyìn fún un. Mo fi aṣọ tí kò ní òwú jíjá nu ojú ara ẹ́ńjìnnì títí ó fi dán. Nígbà tí mo gbé gásíkẹ́ẹ̀tì lé e, ó jókòó dáadáa, inú mi dùn, mo sì ti ń dìde kí n tó rí ihò kékeré kan tí ó ti bò mọ́lẹ̀. Mo yí i padà. Gbogbo ihò wá rí ojú ara wọn. Mo rẹ́rìn-ín sókè. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ẹ̀rín mi ní Ṣómólú.

Àwọn ará ilé ń kọjá, wọ́n ń wò. Ẹnì kan ní wàhálà ọkọ mi ti dà mí lórí rú. Ṣùgbọ́n orí ẹ́ńjìnnì wúwo. Mo wọ́ ọ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo gbé e dé ẹnu ọ̀nà, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Élíjà ti kìlọ̀ fún mi pé ó gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ ní títọ́, kí ó má ṣe fi ẹ̀gbẹ́ kan kọ́kọ́ balẹ̀. Mi ò lè dá a ṣe. Màmá Rísì jókòó lórí àpótí rẹ̀, ó ń ṣa ìrẹsì.

Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo ti ń fi ọ̀rọ̀ náà dánra wò nínú yàrá. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e. Ẹ ò ní pẹ́."

Ó wojú mi, ó wo ọwọ́ mi tí ó ti dúdú. "Ìyàwó Élíjà, ṣé orí rẹ pé?"

"Orí mi pé, mà. Orí mọ́tò ni kò tíì pé."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó gbé ìrẹsì sílẹ̀. Ó di apá kan mú, mo di èkejì mú. "Ẹ rọra, Màmá. Ẹ jẹ́ kí ó sọ̀kalẹ̀ pọ̀." Orí ẹ́ńjìnnì jókòó sí àyè rẹ̀, kò fì síhìn-ín, kò fì sọ́hùn-ún. Ọ́ìlì ti ba aṣọ ìró Màmá Rísì jẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì, ó ní kí n fi sílẹ̀.

"Nígbà tí èmi náà dé ibí," ó ní, ó ń wo ẹ́ńjìnnì, "igbó ni gbogbo ẹ̀yìn ilé yìí. Mo máa ń sunkún nínú ilé ìwẹ̀ kí ọkọ mi má bàa gbọ́." Ó padà sídìí ìrẹsì rẹ̀. Kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi, n kò sì retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, nígbà tí oòrùn mú, ó gbé agboòrùn rẹ̀ wá, ó sì dúró lẹ́yìn mi tí ó ń bò mí.

Mo fún àwọn nọ́ọ̀tì láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, mo padà, mo tún lọ. Nígbà tí sípánà bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn sí ọwọ́ mi bí okùn ọkọ̀, mo dúró. Mo da omi sí i, mo da ọ́ìlì tuntun sí i, mo so àwọn wáyà mọ́ àwọn pílọ́ọ̀gì tó ń ta iná. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dá ku ọ̀la nígbà tí mo ki irin tí wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnnì jí bọ iwájú mọ́tò. Élíjà ní kí n má fi àtàǹpàkò dì í mú, nítorí pé bí ó bá ta padà, á ṣẹ́ mi lọ́wọ́. Mo yí i. Ó sín. Mo tún yí i, ó sín, ó wúkọ́, ó sì dún gbàà láti ìdí. Àwọn adìyẹ sá. Mo yí i títí apá mi fi kọ̀. Kò ṣiṣẹ́.

Mo sáré lọ sílé ìwòsàn bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ọ́ìlì lójú. Nọ́ọ̀sì fẹ́ dá mi dúró, mo ti kọjá.

"Kò ṣiṣẹ́!"

"Báwo ló ṣe ń dún?"

"Kò dún bí ó ṣe yẹ."

"Mo ní báwo ló ṣe ń dún? Dún un fún mi."

Mo wẹ̀yìn wò. Gbogbo àwọn tó wà nínú yàrá ń wò mí. Èmi tí kò lè kí ènìyàn láàárọ̀, mo lanu níbẹ̀, mo dún bí mọ́tò. "Fùù, fùù, gbàà! Fùù, gbàà!" Ọkùnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi ń kígbe pé kí wọ́n gba òun, egungun òun. Élíjà náà rẹ́rìn-ín, okùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì. Mo rí i pé ó ní èjí láàrin eyín. Gbogbo ìgbà tí mo ti wà nílé rẹ̀, n kò mọ̀ pé ọkọ mi ní èjí.

"Wáyà méjì ti gba ipò ara wọn," ó ní nígbà tí ó lè sọ̀rọ̀. "Àwọn méjì tó wà láàrin. Iná ń dé ibi tí kò tíì yẹ. Pààrọ̀ wọn."

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí mo délé. Mo pààrọ̀ wọn, mo di irin mú láìlo àtàǹpàkò, mo yí i lẹ́ẹ̀kan. Ẹ́ńjìnnì náà mí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ó ń lọ! Màmá Rísì pàtẹ́wọ́, àwọn ọmọdé ń fò. Mo jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, mo fi àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀. Ilẹ̀ náà ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Mo sunkún nígbà náà, nítorí pé ẹnì kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí ó gbọ́ ọ kò sí níbẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dé pẹ̀lú àwọn tó ń ra irin, a ti yí i kí wọ́n tó wọlé. Ó gbé ọwọ́ lé iwájú mọ́tò bí ẹni ń wo ibà.

"Ta ló tò ó?"

Màmá Rísì dáhùn kí n tó lanu. "Ìyàwó wa ni."

Ó wò mí, ó mi orí, ó sì ní kí àwọn ènìyàn rẹ̀ máa lọ.

Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ ẹlẹ́ja ń padà sílé, mo lọ sí Bàrígà. Wọ́n ti fi àyè mi sílẹ̀ láàrin agbọ̀n òfìfo. "Ẹrù rẹ dà?" wọ́n ní. Mo ní n kò lọ mọ́.

"Kí ni ká wá sọ fún ìyá rẹ?"

Mo ronú títí. Ìyá mi kò rí mọ́tò rí. "Ẹ sọ fún un pé ẹsẹ̀ ọkọ mi ń san," mo ní. "Ẹ ní mo gbé nǹkan kan dáwọ́ lé, ó sì yọrí."

Wọ́n fi ọ̀pá ti ọkọ̀ kúrò létí omi. Mo dúró títí n kò fi rí wọn mọ́. Mi ò ní parọ́ fún ẹnikẹ́ni: mo ti ń rò pé bí mọ́tò bá ṣiṣẹ́, Ṣómólú á di ilé mi ní ọjọ́ náà gan-an. Kò rí bẹ́ẹ̀. Títí di òní tí mo ti darúgbó níbí, tí àwọn ọmọ mi ń fi èdè Èkó dá mi lóhùn, àwọn ọ̀sán kan wà tí mo máa ń fi etí wá omi. Ó kàn jẹ́ pé láti ìgbà náà, mo ní ẹnì kan tí mo lè sọ ọ́ fún.

Lásísì, dẹ́rẹ́bà kan ládùúgbò wa, ló bá mi wa mọ́tò náà lọ sílé ìwòsàn ní ọ̀sán ọjọ́ kejì tí ọkọ̀ ẹlẹ́ja lọ. Mo ní kí ó dúró sí abẹ́ fèrèsé Élíjà gan-an, kí ó má pa ẹ́ńjìnnì. Mo sáré wọlé. Kò lè dìde wò ó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lókè. Ó ti yí orí sí fèrèsé, ó pa ojú dé, gbogbo yàrá sì dákẹ́ nítorí rẹ̀. Omi ń ṣàn láti ojú rẹ̀ bọ́ sí etí, kò nù ún.

Ó ní, "Fáàfù kan dẹ̀ díẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì yẹn. Ó ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́."

"Mo mọ̀," mo ní. "Mo gbọ́ ọ."

"Kí ló dé tí o kò ṣe é?"

Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Tìẹ nìyẹn. Mo fi sílẹ̀ dè ọ́."